Òkú Tí Catello Sọ Lórúkọ

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Catello ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òkú náà kò sí níbi tó máa ń wà.

Òkú inú gíláàsì ni, ọ̀kan lára àwọn tí eérú òkè Vesuvio bò mọ́lẹ̀ ní Pompei láyé àwọn ará Róòmù àtijọ́. Eérú gan mọ́ wọn lára, ẹran ara jẹrà tán nínú rẹ̀, àwọn tó ń wú ilẹ̀ wá da sìmẹ́ńtì funfun sínú ihò tó ṣẹ́ kù, ni ìrísí èèyàn bá jáde tòun ti ìrora. Èyí lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá nǹkan kan mọ́ àyà. Ó ti pẹ́ tí Catello ti ń mú àwọn àlejò wá wò ó, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ọwọ́ òsì nìkan ló wà láyà. Ọwọ́ ọ̀tún ti bo ojú.

Ó rọra pe ẹ̀ṣọ́ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fọwọ́ kan òkú yìí?"

"Òkú wo? Catello, o ò tíì mu kọfí ni? Ṣebí bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn."

Catello fẹ́ jiyàn, àmọ́ àwọn àlejò ọjọ́ náà ti pé jọ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fi fìlà fẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó da ojú kọ wọ́n, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì di báàgì yín mú o! Olè la fẹ́ rí yìí. Nígbà tí gbogbo ìlú ń sá àsálà, ọ̀gá yìí ní òun ò lọ síbì kan. Ilé dé ilé ló ń wọ̀, ó ń kó góòlù olówó. Ẹ wo ẹrù tó gbá mọ́ra! Òkè ń bú, ó ní ẹ jẹ́ kí òun mú ẹyọ kan sí i!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó mọ irú èèyàn tí òkú náà jẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, tí àwọn àlejò ń tòògbé lórí ìdúró, ni Catello kàn ṣàdédé hùmọ̀ ìtàn olè yẹn. Ẹ̀rín là wọ́n lójú, owó ọpẹ́ sì gbé pẹ́ẹ́lí. Láti ìgbà náà ni kò ti fi í sílẹ̀ mọ́.

Ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó fi aṣọ di imú àti ẹnu. Ojú ọ̀dọ́ ló ní, àmọ́ eruku ti sọ orí rẹ̀ di funfun. Catello rò pé lébìrà tó ń bá wọn wú ilẹ̀ ni, títí ó fi rí i tó wọ bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sórí òkè. Àga ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, èyí tí sípíríìnì rẹ̀ ti yọ, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Awakọ̀ ò wí nǹkan kan. Ìyá Ermelinda, opó kan tó wá láti Bari, tó jókòó sí tòsí ibẹ̀, ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òórùn bí ilé ìdáná tí iná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú gba inú bọ́ọ̀sì náà, àwọn èèyàn sì ń ṣí fèrèsé.

Ní Vesuvio, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi gun èyí tó kù, lórí òkúta wẹ́wẹ́ pupa tó ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Catello wà níwájú, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Nígbà tó wẹ̀yìn, ó rí Ìyá Ermelinda tó ti jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ. Báàgì rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin aláṣọ-lẹ́nu yẹn ló ń gòkè bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá báàgì ìyá náà mọ́ àyà, ó dorí kodò, ó ń yára bí ẹni tí nǹkan ń lé.

Catello dúró wò ó. Ó ti rí ìdúró yẹn rí. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ́ lára láti pa èèyàn lẹ́rìn-ín kò dúró de ọkàn.

"Ẹ wò ó! Ẹ di báàgì yín mú o! Olè Pompei ti tẹ̀lé wa débí!"

Ẹ̀rín bú yéè. Ẹnì kan ti gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Ọkùnrin náà dúró. Ó lóṣòó sí àárín ọ̀nà níbẹ̀, kò ju báàgì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi bo ojú.

"Ta lẹ ń pè lólè?" Ìyá Ermelinda ló ké bẹ́ẹ̀. "Èmi ni mo ní kó bá mi sáré gbé báàgì mi wá látinú bọ́ọ̀sì, omi mi ló wà nínú rẹ̀! Ọ̀fun mi ló gbẹ. Ọmọ ọlọ́mọ ń sáré nítorí arúgbó, ẹ wá ń fi ṣẹ̀sín. Ẹ ò tiẹ̀ nítìjú!"

Ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ojú ti Catello débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Eré ni mo ń ṣe."

Ọkùnrin náà ò gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ gbẹ lábẹ́ aṣọ, kò ju kí Catello nìkan gbọ́ ọ lọ.

"Omi náà ni mo ń sáré gbé nígbà yẹn. Ìyá mi ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́, eruku gbá Catello lójú, ó di ojú pọ̀. Nígbà tó máa là á, báàgì nìkan ló wà nílẹ̀, eérú kúnná yí i ká lórí òkúta pupa. Àwọn èèyàn ní ó ti gbọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ, ìbínú ló gbé e lọ. Kò sí ẹni tó rí i pé ó lọ. Ìyá Ermelinda fa ìgò omi jáde nínú báàgì, ó sì tètè jù ú sílẹ̀. Ìgò náà gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nílé Catello ní Torre del Greco, ìlú kan lábẹ́ òkè náà, Nunziata ìyá rẹ̀ ń ro ẹ̀wà lórí iná. Láti ìgbà ọmọge ni Nunziata ti ní òkú kan tó ń tọ́jú ní ilé eegun àtijọ́ ní Napoli, agbárí aláìlórúkọ kan, bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó ń nù ún, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún un ní ìtútù. Òkú fúnra rẹ̀ ló máa ń wá sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn lójú àlá, wọn kì í yan orúkọ fún un.

"Màmá," ni Catello wí, kò wo ojú rẹ̀. "Òkú kan ń tẹ̀lé mi."

Nunziata fi ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé o sọ ọ́ lórúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Yéè! Kí ló sún ọ débẹ̀? Ẹni tó bá ti sọ òkú lórúkọ ti gbà á ní ẹbí nìyẹn. Ọrùn ẹ ló wà báyìí. Ṣé o tiẹ̀ fún un lómi?"

"Rárá, Màmá."

"Orúkọ wo lo sọ ọ́?"

Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pọ́n òkú ọlọ́kú lé ló ń bi í. Catello wo ilẹ̀. Ó lè fara da kí òkú bínú sí i, àmọ́ kí ìyá yìí mọ ohun tó ṣe, kò lè fara dà á.

"Orúkọ lásán ni."

"Kò sí orúkọ lásán. Ọ̀la a jọ ń lọ síbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Nunziata wọ aṣọ dúdú, ó gbé ìgò omi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé iwájú gíláàsì, Catello fà sẹ́yìn. Ọwọ́ méjèèjì ni òkú náà fi bo ojú báyìí. Ohun tó máa ń gbá mọ́ àyà wà lórí itan rẹ̀ gbangba, ẹnikẹ́ni lè rí i. Ìṣà kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń pọnmi.

"Áà, ọmọ yìí," ni Nunziata wí fún òkú náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ níwájú gíláàsì. "Kí Ọlọ́run tù ọ́ lára. Kí ó fún ọ ní ìtútù. Catello, pè é lórúkọ tó o sọ ọ́, kó lè mọ̀ pé òun la fún."

Catello tẹjú mọ́ omi tó ń ṣàn nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ rọ́ gììrì lẹ́yìn wọn. Aniello ni, afinimọ̀nà bíi tirẹ̀, òun àti àwọn àlejò rẹ̀. "Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì di báàgì yín mú o! Olè la fẹ́ rí yìí!" Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, títí dé ibi "ẹyọ kan sí i" yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nunziata nàró. "Ọmọ mi, ta ló ní olè ni?"

"Háà, Màmá! Ẹ ò mọ̀ ni?" Ìdùnnú ni Aniello fi ń sọ ọ́, ó ń gbóríyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. "Catello yín náà ló kọ́ wa! Gbogbo wa là ń sọ ọ́ báyìí. Kò tíì sí ẹni tí kò pa lẹ́rìn-ín."

Nunziata ò pariwo. Ó wo ìṣà náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Olè, Catello? Òun lo sọ ọ́?"

Catello lóṣòó síbi tó wà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Láàárín ìka rẹ̀ ló ti rí i: ọwọ́ òkú inú gíláàsì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ìṣà náà, ó gbá a padà mọ́ àyà. Ojú rẹ̀ hàn kedere, ara sì tù ú. Kò sí ẹlòmíì tó rí i, torí Catello ni gbogbo wọn ń wò.

"Ẹ wò ó," ni àlejò kan wí, ó gbé fóònù sókè, "olè kejì rèé!"

"Dìde, ọmọ mi," ni Nunziata wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mú ọwọ́ ẹ kúrò lójú, ká máa lọ sílé."

Catello gbìyànjú. Ọwọ́ náà ò kúrò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ojú, ó ń le bí sìmẹ́ńtì òkú náà, òùngbẹ tí kò gbẹ ẹ́ rí sì mú un lọ́fun.

"Màmá," ló wí láti ẹ̀yìn ọwọ́ náà, "ẹ fún mi lómi."

Nunziata yí ìgò náà dojú dé. Gbogbo omi inú rẹ̀ ló ti dà sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì.