Ìwé Tí Lavonne Fọwọ́ Sí

Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mi ò bù mọ́ ọn. Àwọn ará Tanner Creek, ní Pennsylvania, mọ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ wọn kì í fẹ́ sọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ kan ń fi omi oníkẹ́míkà fọ́ àpáta lábẹ́ oko wọn kí gáàsì lè jáde. Inú àwọn kan ń dùn pé iṣẹ́ dé. Àwọn kan ń bú èébú. Ní ti Lavonne Hostetter, opó ni, gáàsì sì ti wọnú omi kànga rẹ̀. Bó bá ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, tó ṣáná sí i, omi á gbiná. Kò sí àlejò tí kò tíì fi iná náà hàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ náà gbé ìwé wá. Wọ́n á ra ilé náà, kí Lavonne lè kó lọ. Òun náà ò ní sọ̀rọ̀ omi yẹn mọ́ láyé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn.

"Fọwọ́ sí i jàre," ni Clyde, àbúrò Lavonne ọkùnrin tó wà níbẹ̀, wí. "Àmọ́ ìwọ tí ẹnu ẹ kì í sinmi! Ṣé wàá lè pa á mọ́ di alẹ́?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Ó fọwọ́ sí i. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà gbé ìwé, òun àti Clyde sì wa mọ́tò wọn lọ. Ilé pa rọ́rọ́. Fíríìjì pàápàá dákẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Kendra, aládùúgbò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọlé. Ó gbé ike omi dání.

"Àǹtí Lavonne, omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tiwa. Mo fẹ́ po mílíìkì ọmọ. Wọ́n ní omi tiyín ò dáa. Ṣóòótọ́ ni?"

Lavonne la ẹnu. Ohùn ò jáde. Ó fẹ́ mirí, ọrùn rẹ̀ le gbagidi. Ìwé lásán mà ni!

Ó fa láítà yọ, ó ṣí ẹ̀rọ, ó ṣáná sí i. Omi tó gbiná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ń ṣàn jẹ́ẹ́. Ó mọ́ gaara.

Kendra tọ́ ọ wò. "Ó tutù, ó tún dùn. Àwọn èèyàn yìí mọ irọ́ pa o." Ó bu omi kún ike, ó dúpẹ́, ó jáde.

Ilẹ̀kùn padé. Fùú! Omi tó ṣì ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ gbiná, iná ga dé kọ́bọ́ọ̀dù.

Lavonne fẹ́ sáré lọ já ike náà gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó na ọwọ́ ṣí fèrèsé.

"Kendra!"

Ohùn rẹ̀ jáde ketekete. Kendra yíjú padà láàárín títì.

"Ẹ̀n, Àǹtí?"

Omijé ń ṣàn lójú Lavonne. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ la ẹnu. Ohun tó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ sọ nìyí:

"Bá mi kí ọmọ o."