Ẹyẹlé Nọ́ńbà Méje

Ẹyẹlé mẹ́tàdínlógún ló kú sínú àgò wọn láàárọ̀ Tọ́sìdé yẹn, ẹsẹ̀ gbogbo wọn nà gan-gan. Marjorie Kessel, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọdún márùn-ún ṣèwádìí lórí bí ẹyẹ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ló ṣílẹ̀kùn bá wọn. Nígbà tí Sájẹ́ńtì Wendell Prokop, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìlú Wexley, fi máa gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì náà, wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Roscoe Gaines lọ́wọ́. Roscoe ni bàbá tó ń gbálẹ̀ ilé náà. Aláwọ̀ dúdú ni, ó sì ku oṣù mẹ́rin péré kó fẹ̀yìn tì.

"Kí lẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀?" Prokop bi ọlọ́pàá tó dúró tì í.

"Ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹyẹ, sà. Agolo májèlé eku tó pa àwọn ẹyẹ náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó ìgbálẹ̀ sí la ti rí i."

"Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ní àgádágodo?"

Ọlọ́pàá náà wolẹ̀. "Kò ní, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọlọ́pàá ti ní ká gbé e lọ sẹ́ẹ̀lì tó bá di agogo méjìlá."

Inú bí Prokop dé góńgó. Wọn ò tíì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọ́n ti dá ẹjọ́ tán. Ó ní kí wọ́n tú ọwọ́ bàbá náà, ó sì fa àga jókòó tì í.

"Ọ̀gbẹ́ni Gaines, ta ló ń wọ yàrá ẹyẹ?"

"Háà, mo ti wá di 'Ọ̀gbẹ́ni'! Láti àárọ̀, 'ìwọ ọkùnrin yìí' ni mò ń jẹ́." Roscoe ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ tó ń jẹ́ Kessel yẹn ń wọ̀ ọ́. Èmi náà ń wọ̀ ọ́ tí mo bá fẹ́ gbálẹ̀. Ẹnì kan tún wà tí mi ò mọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo máa ń bá eérú tábà lára òpó ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀. Mo nù ún títí, ó sú mi. Èmi ò sì mu tábà, ìyàwó mi á lé mi síta."

Prokop lọ wo òpó náà. Ojú ibi tí wọ́n ti gbá nǹkan mọ́ ọn ti jin sínú ọ̀dà funfun.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ta ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ agbálẹ̀?"

Nínú yàrá ẹyẹ, Marjorie kò sunkún mọ́, ìbínú ti gbẹ omijé lójú rẹ̀. Àgò kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ẹyẹlé nọ́ńbà méje sì wà nínú rẹ̀. Òun nìkan ló yè, torí inú àpótí ẹ̀rọ tí Marjorie fi ń kọ́ wọn ló sùn mọ́jú, níbi tí ọwọ́ ò lè dé.

"Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀," ni Prokop wí.

"Tí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, ẹyẹ á fi ẹnu kàn án, ẹ̀rọ á sì da ọkà sílẹ̀ fún un. Tí iná pupa bá tàn, kò gbọdọ̀ kàn án. Ìwé tó sọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Thorsby, ọ̀gá wa, di olókìkí sọ pé kò sí ẹ̀dá tó lè mọ irú ìyàtọ̀ yẹn láìkọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Àwọn ẹyẹ mi mọ̀ ọ́n láìṣe àṣìṣe kan ṣoṣo. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ fi wọ́n han ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò."

"Ta ló ń bọ́ wọn?"

"Ẹ̀rọ nìkan. Èèwọ̀ ni kéèyàn fọwọ́ bọ́ wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbọ́ tàbí rí kí oúnjẹ tó dé, òun ló máa di àmì fún wọn, ó sì di ohun tí wọn ò ní gbàgbé." Ó ju ìwé kan síwájú Prokop. "Àràárọ̀ ni mò ń wọ̀n wọ́n. Ẹ wò ó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń sanra. Ẹyẹ tí ebi ò pa kì í ṣiṣẹ́. Mo fi han Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní ojú mi ló ń ṣe bàìbàì!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Alden Thorsby ń bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Prokop dé ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbá ìkòkò tábà rẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, kọ́, kọ́, kọ́, kó tó wọlé. Wọ́n pè é sí tẹlifóònù, ó jáde. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ìkòkò náà ti ṣófo.

"Mi ò tẹsẹ̀ bọ yàrá yẹn láti Kérésìmesì," ló wí. "Mo ti fà á lé ọmọ yẹn lọ́wọ́. Roscoe lẹ̀ ń wá. Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn nípa ìgbẹ́ ẹyẹ. Kí ni irú ẹ̀ mọ̀ nípa ìwádìí?"

Prokop ń wo ìkòkò tábà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé ní ogún èèyàn tó ń mu tábà nínú ilé náà, eérú nìkan ò lè gba Roscoe sílẹ̀.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù, ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lọ dúró níwájú nọ́ńbà méje. Roscoe wọlé, ẹyẹ ò mira. Marjorie wọlé, ẹyẹ ń fi ẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ní tiẹ̀. Thorsby wọlé, ìkòkò tábà rẹ̀ wà lápò, ẹyẹ ò tilẹ̀ yíjú sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Sájẹ́ńtì, ẹ lọ máa mú olè mọ́tò. Ibí kọ́ ni tiyín." Ó jáde, ó sì ṣáná sí tábà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́pàá ti ń na ọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dákun, ó ku ọ̀rọ̀ kan."

Thorsby pòṣé, ó padà. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú èéfín wọ ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Ọwọ́ rẹ̀ sì gbéra fúnra rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́.

Ẹyẹlé nọ́ńbà méje fò dìde. Ó yí po lápá òsì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sáré wá sẹ́nu àgò, ó na ọrùn síta, ó ń wá ọkà.

"Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn!" ni Marjorie ké.

"Mo mọ̀," ni Prokop wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹyẹ yìí ò da ojú yín mọ̀, torí inú òkùnkùn lẹ máa ń wá. Ìkòkò tábà yín ló mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi ń fọwọ́ bọ́ wọn kí iṣẹ́ ọmọ yìí lè bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n yó, tí wọn ò tún ṣàṣìṣe, ẹ po májèlé eku mọ́ ọkà. Ẹ ní ẹ ò débí láti Kérésìmesì. Ta ló wá kọ́ ẹyẹ ní ìró yẹn? Mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, ẹ ń gbá ìkòkò tó ṣófo. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbá a níbí náà. Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá."

Ojú Thorsby pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́! Ọmọ yìí ń ṣìnà. Ogún ọdún ni mo fi kọ ìwé yẹn, ẹyẹ lásánlàsàn lẹ fẹ́ kó wá pa á rẹ́?"

"Orí ọmọ lẹ ń tún ṣe tẹ́ ẹ fi gbé agolo májèlé sínú kọ́bọ́ọ̀dù bàbá yìí?" Prokop ló bi í bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì mú un lọ.

Prokop na ọwọ́ sí Roscoe. "Ẹ má bínú, Ọ̀gbẹ́ni Gaines. Gbogbo ẹ̀ ti parí."

Roscoe wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Nínú àgò, ẹyẹ náà ṣì ń yí po, ó ń retí ọkà tí kò dé.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nílé yìí," ló wí. "Ìgbàkígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, gbogbo yín á yíjú sí mi wìrì, bí ẹyẹ yẹn ṣe ń yí. Ẹ ti mọ ẹni tó kọ́ ẹyẹ. Ta ló kọ́ ẹ̀yin?"

Prokop fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Roscoe mú àkísà, ó nu eérú tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, ó sì lọ.