Ó Wà Ní Kọ́bapẹ́

Díẹ̀ ló kù kí ìtìjú gbé Lois dé Ṣágámù lọ́jọ́ tó pàdé Ọbáfẹ́mi.

Tíṣà ni ní Kọ́bapẹ́, ọmọ ilé Áńgílíkà tí wọn ò kọ́ ní ariwo. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, "Ó wà o!" ló ń ké sí dẹ́rẹ́bà.

"Ó wà," Lois sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bọ́ọ̀sì ń sáré lọ.

"Ó wà ní Kọ́bapẹ́ o!" Ọkùnrin tó jókòó tì í ló figbe ta. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni Ọbáfẹ́mi ti ń gba àyè sílẹ̀ fún un ní gáréèjì Kútọ̀ láràárọ̀. Ṣágámù ló ti ń ṣiṣẹ́. Jámánì ló ti kàwé, kò sì kọ́ mọ́tò rí.

"Níbẹ̀, dókítà àti agbálẹ̀ jọ ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì ni," ó sọ fún Lois. "Àwa ńkọ́? Bí dókítà bá wọ bọ́ọ̀sì níbí, wọ́n á ní ayé ẹ̀ ti dojú rú."

Lois rẹ́rìn-ín títí. Ó ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì lè fi pa mọ́.

Ojú Ìyá Lois korò nígbà tó gbọ́ pé inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti pàdé.

"Mọ́tò èrò ló gbé bàbá ẹ lọ sí Ewékorò, tí kò gbé e padà. Láti ìgbà yẹn, mi ò fẹsẹ̀ tẹ inú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá máa fẹ́ ọ, mọ́tò ara ẹ̀ ni kó gbé wá."

Ọbáfẹ́mi, tí Lois mú wá kí i, dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní Jámánì..."

"Ṣé Jámánì ni ojú ọ̀nà Ṣágámù?"

Ni Ọbáfẹ́mi bá ra mọ́tò tòkúnbọ̀ aláwọ̀ búlúù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Lois ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká tún bẹ Màámi."

"Àrídunnú mi, nítorí ẹ, mo lè wà á dọ́run."

Kíá ni Lois fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, Ọbáfẹ́mi lọ kó àwọn òbí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá rẹ̀ wo mọ́tò, ó mirí. "Èmi ò ní wọ mọ́tò ẹni tó ń kọ́ mọ́tò lọ́wọ́." Bí àwọn àgbà ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, tí ọkọ ìyàwó ń wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Àwọn àgbà dé ilé Lois. Wọ́n kí wọn kú ọ̀nà, wọ́n fún wọn lómi. Oúnjẹ tutù, Ọbáfẹ́mi ò tíì dé. Fóònù Ọbáfẹ́mi ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

Lois ṣí gèlè sílẹ̀, ó sáré dé títì, ó dá bọ́ọ̀sì Ṣágámù dúró. Ìgbà tó máa wẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ti dé, ó di ìró mú. Ìyá Lois wo ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì náà. Ó wọlé.

Bọ́ọ̀sì sáré títí ó fi dé Kọ́bapẹ́. Tírélà sìmẹ́ńtì kan ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ohun aláwọ̀ búlúù kan wà lábẹ́ rẹ̀.

Lois la ẹnu, ohùn ò jáde.

"Ó wà o!" Ìyá Lois ló figbe ta. "Dẹ́rẹ́bà, ó wà o! Ẹ jọ̀ọ́, ó wà!"

Bọ́ọ̀sì dúró. Lois bẹ́ sílẹ̀, ó já wọ àárín àwọn tó yí mọ́tò náà ká. Ohùn tí kò ní rí wá dé.

"Ṣé ó wà? Ẹ dá mi lóhùn, ṣé ó wà?"

Wọ́n ń wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.