Orúkọ Rùqáyyàh Lójú Ògiri

"Rùqáyyàh tún ni!" Najeem pariwo, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́.

Kaothar kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Inú ń bí i débi pé etí rẹ̀ ń gbóná. Kí tíṣà tuntun wọn, Àǹtí Olúwabùnmi, tó kó tábúlẹ́ẹ̀tì wá sí ilé-ìwé wọn ní Lálúpọn, ta ló ń gbọ́ orúkọ Rùqáyyàh? Ọmọ tó ń kólòlò, tí kì í nawọ́! Kaothar ló máa ń fò dìde dáhùn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ìka ni wọ́n fi ń dáhùn: ẹ̀rọ á gbé ìbéèrè sójú ògiri, kálukú á tẹ ìdáhùn tirẹ̀, orúkọ ẹni tó bá yára, tó sì gbà á, á bọ́ sókè.

"Káó, wọ́n ti rọ̀ ẹ́ lóyè o!" Najeem ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Pa ẹnu ẹ dé, olórí bí ọmọ odó!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa fi eré náà mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ṣojú ilé-ìwé nínú ìdíje n'Íbàdàn. Kaothar ti sọ fún gbogbo agboolé wọn pé òun ni. Tó bá wá jẹ́ akólòlò yẹn ló lọ ńkọ́?

Nígbà tí Jímọ̀ dé, Àǹtí ní kí kálukú tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹni tí nǹkan kò bá yé kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kaothar wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tẹ "Rùqáyyàh". Ó wá kọ ọ́ sí i pé: "Tíṣà yìí gan-an ni kò yé mi. Òpè ni."

Ọ̀rọ̀ náà yọ gbàgàdà lójú ògiri. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Rùqáyyàh, ìwọ lo kọ èyí?" Àǹtí bèèrè.

"Rá... rá... rárá mà! È... è..." Ẹkún ló gba ẹnu rẹ̀. Inú Kaothar ń dùn ṣìnkìn.

"Ó dáa. Ẹni yòówù tó kọ ọ́, kódà kó gba ipò kìíní, kò ní lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ìbéèrè kan hàn: kí ló dé tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ dànù kó tó di gàrí? Iṣẹ́ ìyá Kaothar nìyẹn! Ó tẹ̀ ẹ́ wàrà. Ó ń gbà á lọ ràì, kò rántí orúkọ tó tẹ̀ mọ́.

Nígbà tó parí, ipò kìíní: Rùqáyyàh. Ipò kejì: Rùqáyyàh.

"Ó ti di ìbejì ni?" Najeem bèèrè.

Àǹtí yẹ tábúlẹ́ẹ̀tì Rùqáyyàh wò, kò rí ọ̀rọ̀ òpè yẹn níbẹ̀. "Ìwọ lo ṣe ipò kejì. Ta ló wá ni ti òkè yìí?"

Kaothar wo ọwọ́ ara rẹ̀: òun ló gba ipò kìíní! Òun ti na ọmọ yẹn, ó nà án gidi. Ṣé kí wọ́n wá gbé e fún un? Ìlara ò jẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Èmi ni mà! Èmi ni mo ni ín!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí wí. "A jẹ́ pé ìwọ náà lo pè mí lópè."

Rùqáyyàh fọhùn, ó rọra ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀: "O... o ì bá ti fi orúkọ ara ẹ ṣe é, Kaothar. Ì... ìwọ lò bá lọ."

Rùqáyyàh ló lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ojú yín ń pọ́n sí ohun ẹlòmíràn, ẹ gbọ́ o: ohun tí Kaothar mọ̀ tó láti gbé e débẹ̀ láìparọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlara ni kò jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò ṣe é ní nǹkan kan ló ń bá jà, ara rẹ̀ ló sì ṣe léṣe.