Aago Tí Ó Mọ Ilé Adétóyè

Ní àárín ọdún tó kọjá, Ẹnjiníà Adétóyè kó kúrò ní Èkó padà sí Ọ̀fà, ìlú bàbá rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nípa ayẹyẹ ìṣílé tó ṣe sí ilé tuntun rẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kò sí nílùú. Ó pín aago ara ògiri fún gbogbo àlejò. Àwòrán rẹ̀ wà láàárín aago náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ ìṣílé sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí àkókò owó orí dé, ó yẹ kí ó pín ohun tó pa lọ́dún náà sí méjì: ti Èkó fún Èkó, ti Ọ̀fà fún Kwara. Ẹnjiníà wa rò pé òun gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó orí Èkó pé láti oṣù Kìíní ni òun ti wà ní Ọ̀fà. Ní Ọ̀fà, ó fẹ́ sọ pé Èkó ni òun wà títí ọdún fi ń parí lọ. Kí ìjọba méjèèjì máa wá a níbi tí kò sí.

Ṣùgbọ́n ó ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì ní láìsí ìwé ẹ̀rí owó orí, kò sí ìdíje. Ni òun àti Gbádé ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kan tó fẹ́ràn Olúwa, bá lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní Ọ̀fà.

"Alhaja, oṣù Kejìlá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wálé," ó wí fún Alhaja Rùkáyàt, òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Alhaja kàn gbójú sókè wo ògiri. Adétóyè náà wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ láti inú aago, pẹ̀lú ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà.

"Àṣìṣe àwọn atẹ̀wé ni, Alhaja."

"Mo wá sí ìṣílé náà, sà. Ìrẹsì yín dùn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gba máíìkì, tí ẹ ní ẹ ti fi Èkó sílẹ̀ pátápátá. Ẹ lọ rò ó dáadáa, kí ẹ padà wá lọ́la."

Ní ìrọ̀lẹ́, Gbádé bá a ní pálọ̀, níbi tó ti ń yọ bátìrì àwọn aago tó ṣẹ́kù.

"Tóyè, ṣé o máa yọ ti gbogbo ilé tó wà ní Ọ̀fà ni?"

"Gbádé, mo há. Bí mo bá sọ òótọ́ níbí, irọ́ mi á tú ní Èkó. Bí mo bá tún purọ́, ògiri Alhaja ń wò mí."

"Ó ti pẹ́ tí o ti há. Lọ́jọ́ Sunday, o ní ti Kristi ni ọ́. Láti Monday, o ń sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ pé tiwọn ni ọ́. Tóyè, níbo lò ń gbé gan-an?"

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ kúnlẹ̀ láàárín gbogbo ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lára àwọn aago. "Jésù Olúwa, irọ́ ni mí látòkè délẹ̀. Gbà mí."

Ní ọjọ́ kejì, ó jẹ́wọ́ fún Alhaja, ó kọ̀wé sí Èkó, ó sì san owó ìtanràn tí wọ́n bù lé e. Kí ìwé ẹ̀rí tó jáde, ẹgbẹ́ ti fa ẹlòmíràn kalẹ̀. Ẹni yẹn náà ti ń pín aago. Adétóyè ń sùn dáadáa.

Ìwọ ọ̀rẹ́ tí o ń ka ìwé pélébé yìí, má fi Adétóyè ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń wá ọ, o ti wà lọ́dọ̀ ayé. Bí ayé bá ń wá ọ, o ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run ńkọ́? Kì í wá ọ lọ síbi tí o ní o wà. Ibi tí o wà gan-an ni ó ti ń pè ọ́, nítorí ibẹ̀ ni Kristi kú láti mú ọ kúrò. Dá a lóhùn lónìí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.