Ẹlẹ́fọ̀n Wá Tọrọ Àrìnkẹ́

"Gbé àpò yẹn sílẹ̀! Mo ní kí o gbé e sílẹ̀ kí n tó pe ọlọ́pàá!"

Àrìnkẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé alájà mẹ́ta tó ń gbé ní Rogers Park, ní Chicago, ọ̀bẹ tó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé, fùfú ló ń ṣe tà fún àwọn ọmọ ìlú wa tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tí kóòtù rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́ ti ki ọwọ́ bọ garawa ìdọ̀tí, ó ti gbé odindi àpò èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Òtútù ti sọ ètè rẹ̀ di funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó rí nǹkan he.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ti dà á nù ni."

"Kí lo fẹ́ fi èèpo ọwọ́ mi ṣe? Ta ló rán ọ sí mi?"

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ. Ta ló ń fi inú rere ṣa ohun tí ọmọ ẹlòmíràn dà nù?

"Ẹfọ̀n ni mo fẹ́ fún."

"Ẹfọ̀n. Ní Chicago."

"Rárá o. Àwọn ẹfọ̀n tí wọ́n ń sìn bíi màlúù ní erékùṣù Trinidad ni. Pápá ni wọ́n ti ń jẹko, àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, koríko á gbẹ, wọ́n á rù hangogo. Èèpo ẹ̀gẹ́, orí ìrèké, háhá àgbàdo, gbogbo ohun tí àgbẹ̀ ń dáná sun ló lè gbé wọn ró. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù school wa ni. Jìbírílù lorúkọ mi."

"Jìbírílù olè èèpo."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bu omi fún olè, ọ̀fun ti gbẹ."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Àrìnkẹ́, ìyẹn tún wá bí i nínú sí i.

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí Jìbírílù kì í yọjú. Kò mọ ẹ̀gẹ́ bẹ, ìdajì ẹ̀gẹ́ ló ń bá èèpo lọ. Ó tún wá sá èèpo sórí hítà Àrìnkẹ́.

"Kó o kúrò níbẹ̀. Gbogbo ilé mi ń rùn."

"Oró inú tútù rẹ̀ ló ń pa ẹran, olólùfẹ́ mi. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ."

Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Àrìnkẹ́ la ẹnu láti máa bá ìjà lọ, kò rántí ohun tó ń bá a jà sí mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ ẹfọ̀n ní Trinidad bọ́ sí i lọ́wọ́, Jìbírílù ní òun ò ní lọ láìfẹ́ Àrìnkẹ́ mú dání, Àrìnkẹ́ sì gbà. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akíndúró, bàbá Àrìnkẹ́, ti ní ẹni tó fẹ́ fi í fún: Bádéjọ, akáǹtáǹtì kan tó kó àgbà mẹ́ta wá sílé wọn ní Park Forest, tó yin ilé, tó yin mọ́tò, tí kò bi ọmọbìnrin náà ní nǹkan kan.

Lọ́sàn-án Sunday kan, Jìbírílù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì Akíndúró. Akíndúró ò ní kó dìde.

"Àwọn àgbà rẹ dà?"

"Ìsẹ́yìn ni wọ́n wà, sà. Mi ò lẹ́nì kankan ní Amẹ́ríkà."

"Ó dá wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi bí ẹni wá ra búrẹ́dì. Ìmàle. Ẹni tó ń fi èèpo bọ́ ẹfọ̀n. Kí lo fẹ́ fi bọ́ ọmọ mi?"

Àrìnkẹ́ dìde. "Dádì, ta ló sọ fún yín pé ebi ń pa mí?"

"Jókòó. Bádéjọ kó àgbà mẹ́ta wá."

"Bádéjọ ò mọ orúkọ mi. Àdùkẹ́ ló ń pè mí títí ó fi wọ mọ́tò."

"Á mọ̀ ọ́n tó bá fẹ́ ọ tán. Ẹlẹ́fọ̀n, dìde, máa lọ. Ẹni tí kò ní àgbà lẹ́yìn kì í tọrọ ìyàwó nílé mi."

Ìyá Àrìnkẹ́ tó ti jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ bá dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó rìn kọjá láàárín pálọ̀, ó kúnlẹ̀ ti Jìbírílù, ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Àrìnkẹ́, kí lò ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ ní kò ní àgbà. Èmi ni àgbà rẹ̀. Ẹ kú ilé o, bàbá ìyàwó. A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, a wá tọrọ rẹ̀."

"Dìde. Ò ń dójú tì mí."

Kò dìde. Ó fa ọwọ́ Àrìnkẹ́, ó fi lé Jìbírílù lọ́wọ́.

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Lónìí, èmi ló kàn. Bí ẹ bá lé Jìbírílù ọmọ mi yìí jáde, ìyá rẹ̀ ń bá a lọ nìyẹn, n ò sì ní padà wá sílé yín mọ́."