Kọ́kọ́rọ́ Tó Ṣẹ́ Sínú Bùútù

Mansur ń fi èmú tẹ́ẹ́rẹ́ wa ihò kọ́kọ́rọ́ bùútù náà. Ìdajì kọ́kọ́rọ́ ló ṣẹ́ sínú rẹ̀, kò sì fẹ́ jáde. Oòrùn ọ̀sán ń jó o lẹ́yìn.

Bàbá Ayọ̀délé, oníṣègùn tó ni ilé náà, dúró tì í. Olúdáre tó ni ọkọ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń nu òógùn.

Mansur àti Olúdáre jọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní àdúgbò Challenge. Ní ọdún 1991 yìí, Mansur ṣì ń ṣe kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ agboòrùn. Olúdáre ti kọ́lé sí GRA láàárín oṣù mẹ́jọ. Láàárọ̀ ló wá bá Mansur. Ó ní bùútù ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn títì Fate tí òun fẹ́ kó bá òun ṣí. Tí kò bá ti bèèrè ohunkóhun, òun á gba ṣọ́ọ̀bù fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ni Mansur ti fi ń wá ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀lé e.

Yàrá kan ni wọ́n gbà kọjá kí wọ́n tó dé ọgbà. Kò ní fèrèsé. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ògiri, ó ń rùn. Mansur wolẹ̀, ó ń lọ.

Ó bèèrè bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ṣẹ́. Olúdáre ní Bàbá ló ní kí òun yí i lẹ́ẹ̀meje, kí òun máa pe ọ̀rọ̀ sí i.

“Ṣé àgádágodo oògùn ni?” Mansur wí. “Dáre, ìwọ náà kọ́ṣẹ́ yìí. Ìgbà wo ni ti ọkọ̀ ń yí lẹ́ẹ̀meje?”

Olúdáre tún nu òógùn.

Mansur wá wáyà tó ń ṣí bùútù lábẹ́ àga awakọ̀. Ó fà á. Wáyà já. Ó ku ẹ̀yìn àga. Ó tú àga ẹ̀yìn. Irin ló dí ibẹ̀, ihò ara rẹ̀ kò gbà ju apá lọ. Ó ti ọwọ́ bọ òkùnkùn.

Ọwọ́ kan di tirẹ̀ mú.

Ó gbóná. Ohùn kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Bùọ̀dá Mansur, mo gbọ́ ohùn yín. Èmi Àbídèmí ni.”

Àbúrò Olúdáre lóbìnrin ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Òun ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́.

“Kí lo rí?” oníṣègùn bèèrè láti ìta.

“Òkùnkùn ni, Bàbá.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ kọjá ìrun alásárì. Tí bùútù ò bá ṣí, ẹ̀jẹ̀ wà lára ìwọ náà.”

Mansur ro ṣọ́ọ̀bù náà, ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa kọjú sí. Lẹ́yìn náà, kò rò ó mọ́.

Ó ní ahọ́n irin ló há. Kí àwọn méjèèjì gun bùútù, kí wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, òun á máa fa ìyókù wáyà láti iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Challenge. Olúdáre ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Oníṣègùn náà tẹ̀lé e gun orí bùútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀. “Ohun tó bá gbọ́ ohùn mi, kó là. Ara tó bá gbọ́ ohùn mi, kó rọ̀.”

Ara Mansur rọ̀ ní àga awakọ̀. Ìka rẹ̀ kú. Ó fi eyín bó wáyà ìdáná, ó fi ètè mú ẹnu rẹ̀ kan ìkejì. Iná ta á lẹ́nu. Ọkọ̀ jí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti jíà, ó wa ọkọ̀ lọ.

Olúdáre ṣubú. Aṣọ oníṣègùn kọ́ mọ́ bọ́ńpà. Ọkọ̀ wọ́ ọ gba géètì páànù, ó wọ́ ọ dé orí títì. Igbe rẹ̀ dákẹ́ kí wọ́n tó dé Challenge.

Àwọn wẹ́dà ló fi iná gé bùútù. Àbídèmí jáde. Ó bèèrè omi. Kò bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ibi tí Olúdáre ṣubú sí ni àwọn ọlọ́pàá ti bá a. Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, wọ́n kó bàtà obìnrin mẹ́fà. Àbídèmí mú tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá gba márùn-ún tó kù.